Ọjọ́bọ̀, Ọ̀sẹ̀ Kẹfà: Ohùn Ìṣẹ́jú Kan fún Àwọn Òbí

Ìyọkúrò la ṣe ní kíláàsì kejì lónìí. 42 yọ 17 ló wà lójú pátákó, ìdáhùn tó sì pọ̀ jù nínú ìwé àwọn ọmọ ni 35. Ó rọrùn láti fi bíírò pupa fa igi lé e, ká kọ "kò dára" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìwé máa lọ sílé bẹ́ẹ̀. Òbí tó bá ṣí i á rí i pé ọmọ òun kùnà, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tó gbé e ṣubú.

Àṣìṣe yìí sì nídìí. Ọmọ wo ẹyọ, ó rí 2 lókè, ó rí 7 nísàlẹ̀. Láti kíláàsì kìíní la ti ń sọ fún un pé a kì í yọ èyí tó pọ̀ nínú èyí tó kéré. Ó bá yí wọn padà: ó yọ 2 nínú 7, ó kọ 5. Ó bọ́ sí ẹ̀wá, ó yọ 1 nínú 4, ó kọ 3. Ọmọ náà ronú o. Òfin tí a fún un ló tẹ̀ lé dé ibi tí òfin náà kò dé. Ohun tó yẹ kí ilé gbọ́ nìyẹn, lálẹ́ òní.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun mẹ́ta ni ilé ẹ̀kọ́ ń torí ẹ̀ ránṣẹ́ sí òbí: owó, ìsinmi, àti ẹjọ́ ọmọ. Nípa ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, ó di ìgbà tí ìwé èsì bá jáde. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, máàkì 40 ni ti ìdánwò kéékèèké inú sáà, 60 ni ti ìdánwò ìparí, lẹ́yìn náà ni ipò tí ọmọ mú. Máàkì 11 nínú 20 kò lè sọ fún ìyá ọmọ pé yíyá mẹ́wàá lọ́dọ̀ aládùúgbò, ìyẹn ká tú mẹ́wàá kan sí ẹyọ nígbà tí ẹyọ kò bá tó yọ, ló ń dà á láàmú. Ìgbà tí ìwé èsì bá sì fi délé, sáà ti parí, kíláàsì ti kúrò lórí ìyọkúrò tipẹ́.

Ìdí nìyí tí ohùn tí a gbà sílẹ̀ fi ń lọ sórí WhatsApp àwọn òbí ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ohun tí a bá fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì máa ń bọ́ sáàárín ìmúra òde Sátidé, kò sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀ mọ́ títí di Ọjọ́ Ajé. Bó bá lọ ní Ọjọ́bọ̀, a ṣì máa rí ọmọ lọ́jọ́ Ẹtì láti wò ó bóyá nǹkan ti yí padà, òbí náà á sì tún rí òpin ọ̀sẹ̀ lò. Aago mẹ́jọ alẹ́ ló bá a mu jù: àwọn tó ń tajà ní Bódìjà àti Ọjà Ọba ti ń délé, ọmọ kò sì tíì sùn. Ohùn la ń lò, nítorí kì í ṣe gbogbo òbí ló lè kàwé, ọwọ́ ẹni tó lè kà á náà sì lè wà nínú ọbẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kó sì dá lé. Bí a bá fi owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kún un níparí, owó yẹn nìkan ni wọ́n á gbọ́.

Báyìí ni ti òní ṣe lọ:

"Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú alẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ìyọkúrò la ń kọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀pá ìgbálẹ̀ méjìlélógójì. Ẹ fi òwú di mẹ́wàá mẹ́wàá pọ̀, kó jẹ́ ìdì mẹ́rin, kí méjì wà lóde. Ẹ wá ní kí ọmọ fún yín ní mẹ́tàdínlógún. Méjì tó wà lóde ò ní tó o, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ohun tó máa ṣe fún un. Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ tú ìdì kan. Bó bá fún yín tán, kó ka èyí tó kù, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló máa jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́ yìí ti tó. Bí kò bá rí i ṣe, ẹ má nà án, ẹ kàn jẹ́ ká gbọ́. Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà."

Títú ìdì yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Nínú ìwé, "yá mẹ́wàá" kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, ọmọ á kàn fa igi lé 4, á kọ 3 sórí rẹ̀ láìmọ ibi tí ìyókù lọ. Àmọ́ nígbà tó bá tú òwú, tí ọ̀pá mẹ́wàá tú ká sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì tó ti wà níbẹ̀, ó rí i pé méjìlá ló wà lóde báyìí, ìdì mẹ́ta ló sì kù. Méje kúrò nínú méjìlá, ó ku márùn-ún. Ìdì kan kúrò nínú mẹ́ta, ó ku méjì. Bí àgbàlagbà bá bá a tú u, ojú lásán ni ọmọ fi wò ó. A sì ń tẹnu mọ́ òwú, kí wọ́n so ó lọ́nà tó rọrùn láti tú, nítorí rọ́bà máa ń já lọ́wọ́ ọmọ, ó sì lè ta á lójú. Kí wọ́n kán ọ̀pá náà sí gígùn ìka, èyí tó bá gùn jù máa ń yọ nínú ìdì.

Ọ̀nà mìíràn wà nínú èdè wa fúnra rẹ̀, ó sì ń dùn wá pé a kì í lò ó tó. Mẹ́tàdínlógún: ogún ó dín mẹ́ta. Ọmọ tó bá gbọ́ ohun tí orúkọ yẹn ń sọ lè yọ ogún nínú méjìlélógójì, kó ku méjìlélógún, kó wá dá mẹ́ta tó yọ lé padà, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò yá ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá ọlọ́jà náà ní tiwọn. Bí ọjà bá jẹ́ ₦350, tí oníbàárà mú ₦500 wá, wọn kì í yọ nǹkan kan, ńṣe ni wọ́n ń kà á gòkè: àádọ́ta, ó di irinwó, ọgọ́rùn-ún, ó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ṣéńjì rẹ rèé. Olùkọ́ tó bá sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé "bí a ṣe ń kọ́ wọn kọ́ nìyẹn, mà" ti pàdánù olùrànlọ́wọ́, nítorí ohun tí ìyá náà máa gbọ́ ni pé òun kò kàwé tó láti dá sí i. Ẹ sọ fún un pé ọ̀nà tirẹ̀ pé, kó fi kọ́ ọmọ, àwa náà á máa fi tiwa kọ́ ọ ní kíláàsì.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà n'Ífẹ̀ lọ́dún 1970, láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìṣirò wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kọ ìwé rẹ̀ ní Yorùbá. Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ nìkan. Òbí tó gbọ́ "ìyọkúrò" á jókòó ti ọmọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan ló gbọ́, ó ṣeé ṣe kó ní kí ọmọ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nípa fóònù, nǹkan díẹ̀ ló sábà ń dabarú rẹ̀. Iṣẹ́ tí a bá fi "broadcast" (ìfiránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà) ránṣẹ́ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà wa pamọ́ sórí fóònù rẹ̀, nítorí náà gúrúùpù ló dára jù. Kí gúrúùpù náà sì jẹ́ èyí tí olùkọ́ nìkan lè kọ nǹkan sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àdúrà òwúrọ̀ àti ìpolówó ọjà á bo iṣẹ́ mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí a bá ń gba nọ́ńbà níbẹ̀rẹ̀ sáà, ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ yìí ń sùn? Ìyá lè wà l'Ékòó, kó máa gbọ́ gbogbo ohùn wa, nígbà tó jẹ́ pé ìyá àgbà tó wà pẹ̀lú ọmọ kò gbọ́ nǹkan kan. Àwòrán ìwé la máa ń fi síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tí a ti bò, a kì í fi ojú ọmọ síbẹ̀. Òfin ìdáàbòbò détà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 béèrè ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ẹni tí kò lè kàwé, a máa ka ìwé ìyọ̀ǹda náà sí i létí kó tó tẹ ìka.

Ẹjọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ dé inú gúrúùpù láé. Ọ̀dọ̀ òbí rẹ̀ nìkan ló ń lọ, pẹ̀lú ohun tí a ti ṣe sí i. "Kò kọ iṣẹ́ lónìí" ń pe pàṣán jáde. "Kò kọ iṣẹ́ lónìí torí pẹ́ńsù rẹ̀ ti kúrú jù, a ti yá a ní òmíràn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa ra ọ̀kan" ń mú pẹ́ńsù wá. Ọmọ tí wọ́n bá nà nítorí 35 kì í mọ ìyọkúrò sí i. Ńṣe ló máa ń fa ojú ewé ya kí ìwé tó délé, a ò sì ní mọ ibi tí àṣìṣe rẹ̀ wà mọ́.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti lù. Bí a bá tẹ ohùn náà mọ́lẹ̀, tí a wo àlàyé rẹ̀, WhatsApp máa ń fi orúkọ àwọn tó ti gbọ́ ọ hàn. Òbí mẹ́sàn-án ló kù. Ó lè jẹ́ iná ni kò sí, ó lè jẹ́ détà. Ìwé pélébé mẹ́sàn-án la máa kọ láàárọ̀ ọ̀la, gọ́ọ̀mù la ó sì fi lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú ewé iṣẹ́ àmúrelé, torí èyí tí a bá kàn jù sínú báàgì á ti sọnù kí ọmọ tó délé. Lẹ́yìn tí a bá pe orúkọ tán, 42 yọ 17 ni yóò kọ́kọ́ padà sójú pátákó. Ẹni tó bá rí i ṣe, 61 yọ 38 ń dúró dè é.