Fáànù rádíétọ̀ tí kò yí, àti wáyà kan tí kò kan irin

Ìwó Road ní Ìbàdàn ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí mo rí i pé géèjì ooru ọkọ̀ mi ń gòkè. Ọkọ̀ náà, Corolla tí wọ́n ṣe ní ọdún 1996, ti gbé mi láti Ilé-Ifẹ̀ láìsí wàhálà kankan, ṣùgbọ́n bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ṣe dá wa dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 báyìí ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo ya sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo sì pa á. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ń tutù bí ó bá ń sáré, tí ó sì ń gbóná bí ó bá dúró, fáànù rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé lójú eré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ sí rádíétọ̀, níbi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù.

Rewáyà kan tí ó wà nítòsí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kúkú fi í sí dáírẹ́ẹ̀tì, kó máa yí bí ẹ bá ti ṣíná." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ̀. Irú fáànù bẹ́ẹ̀ máa ń fa iná púpọ̀. Bí a bá gbé e gba orí wáyà tín-ín-rín tí kò ní fíúùsì, wáyà náà lè yọ́, kí ó sì fa iná sínú ọkọ̀. Bí kò tilẹ̀ jóná, fáànù tí kì í sinmi kì í pẹ́ gbó. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa, mo sì rọra wakọ̀ délé lálẹ́ nígbà tí ojú ọ̀nà dá.

Lọ́jọ́ kejì, fíúùsì ámpù 30 ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, tẹ́sítà sì tàn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni mo yọ púlọ́ọ̀gì sùìṣì tí ó ń wo ooru omi. Nínú àwọn Toyota àtijọ́ bíi tèmi, sùìṣì yìí máa ń so pọ̀ nígbà tí omi bá tutù, ìgbà tí omi bá gbóná ni ó ń já. Nítorí náà, bí a bá yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ nígbà tí a ti ṣíná, ó yẹ kí fáànù yí lójú ẹsẹ̀. (Ọgbọ́n yìí wù mí púpọ̀, nítorí bí wáyà náà bá já lójú ọ̀nà, fáànù á kàn máa yí ni, ẹ́ńjìnnì kò ní bàjẹ́.) Mo gbọ́ tí rìléè, ìyẹn sùìṣì tí ó ń gbé iná fún fáànù, dún "kẹ́", ṣùgbọ́n fáànù kàn mì díẹ̀ ni, kò yí.

Mo yọ púlọ́ọ̀gì fáànù, mo sì fi mítà tí a fi ń wọn iná wọn ẹnu wáyà méjèèjì: fóòtì (volt) 12.4. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, tí wọ́n á ní iná dé, fáànù ló kú, tí wọ́n á sì gba ọjà Araromi lọ ra tòkúnbọ̀. Iná tí mítà ń lò kò tó nǹkan rárá, bíi ẹ̀rọ omi tí ó ń kán tó-tó: ó lè kún ife, ṣùgbọ́n kò lè pọn odindi dúrọ́ọ̀mù fún ẹni tí ó ń kánjú. Àfi kí fáànù wà lẹ́nu iṣẹ́ kí a tó wọn iná rẹ̀.

Mo dá púlọ́ọ̀gì fáànù padà, mo ti abẹ́rẹ́ mítà kan bọ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi wáyà négétíìfù, mo sì fi èkejì kan orí négétíìfù bátìrì. Ó yẹ kí mítà fi ohun tí kò tó ìdajì fóòtì kan hàn, ṣùgbọ́n 9.3 ni mo rí. Iná ń dé ọ̀dọ̀ fáànù, kò kàn rí ọ̀nà padà sílé ni.

Mo tọ wáyà náà dé abẹ́ iná iwájú lápá ọ̀tún, níbi tí wọ́n ti fi bóòtì dè é mọ́ ara ọkọ̀. Ní ọdún méjì ṣáájú, ẹnìkan ti kọlu iwájú ọkọ̀ náà, pánẹ́ẹ̀bítà tó tún un ṣe sì fọ́n ọ̀dà bo irin níbẹ̀ kí ó tó dá bóòtì padà. Orí ọ̀dà ni òrùka wáyà náà jókòó lé. Díẹ̀díẹ̀ ni ìpẹtà wọlé sí i, tí òrùka náà fi ní èépá aláwọ̀ ewé bí ìgbà tí ewédú gbẹ mọ́ ìkòkò. Mo yọ orí négétíìfù bátìrì kúrò, mo fi sánpépà ha irin náà títí ó fi ń dán, mo ha òrùka náà pẹ̀lú, mo de bóòtì le, mo sì fi gíríìsì bò ó kí omi má baà débẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo tún un wọ̀n, 0.1 ni mítà kọ, fáànù sì ń fẹ́ débi pé ó ń gbé aṣọ ìnuwọ́ mi. Ká ní ó ṣì kọ̀ ni, ǹ bá rọra fi igi sípánà kan ìdí mọ́tò rẹ̀. Bí ó bá jí nípa bẹ́ẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀, tí ó ń gbé iná wọ ibi tí ó ń yí, ló ti jẹ tán, àtúnṣe wáyà kankan kò sì lè ràn án lọ́wọ́.

Mo dá púlọ́ọ̀gì sùìṣì padà, mo pa AC, mo sì fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ lójú kan. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, fáànù gbéra fúnra rẹ̀, ó yí díẹ̀, ó sì dúró. Ọwọ́ géèjì kò kọjá àárín. Mo dúró tì í títí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó ti bọ́nẹ́ẹ̀tì.