Àdúrà fún ẹni tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nígbà náà. Bí àsìkò ìsinmi bá tó, mo máa ń wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó aṣọ ìbùsùn sí, màá dojú agbọ̀n kan dé, màá jókòó lé e, màá ka Bíbélì lórí fóònù, màá sì gbàdúrà sínú. Àfi bí ọ̀gá ṣe pè mí lọ́jọ́ kan pé wọ́n fẹjọ́ mi sùn, pé mò ń fi ẹ̀sìn yọ àwọn arúgbó lẹ́nu.

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, alẹ́ mẹ́rin tí mò ń ṣe di méjì. Bí mo bá wọ yàrá ìsinmi, ọ̀rọ̀ á pa lẹ́nu wọn. Nílùú onílùú, níbi tó jẹ́ pé iṣẹ́ ló gbé físà èèyàn ró, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Oorun dá lójú mi.

Sáàmù 35 ni mo kọ́kọ́ gbá mú: Olúwa, bá àwọn tó ń bá mi jà jà. Ẹ má bínú, mi ò gbà á ní pẹ̀lẹ́. Mo fura sí ẹnì kan, mo sì ń ti orúkọ rẹ̀ bọ gbogbo ẹsẹ tó bá ti gbóná. Ṣùgbọ́n bí mo bá dìde lórí ìkúnlẹ̀, inú tó ń bí mi á tún ti le sí i.

Nígbà tó yá, mo dé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 4. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ halẹ̀ mọ́ Pétérù àti Jòhánù pé wọn ò gbọ́dọ̀ dárúkọ Jésù mọ́. Mo rò pé wọ́n á ní kí Ọlọ́run pa àwọn yẹn lẹ́nu mọ́. Rárá o. Ìgboyà ni wọ́n tọrọ. (Ní orí 12, Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù, áńgẹ́lì sì mú Pétérù jáde lẹ́wọ̀n. Ẹni tó bá ń wàásù pé gbogbo ilẹ̀kùn ni àdúrà ń ṣí, kó ka orí yẹn tán.)

Ní Fílípì, Pọ́ọ̀lù àti Sílà kọrin lọ́gànjọ́ nínú ẹ̀wọ̀n. Ilẹ̀ mọ́, àwọn aláṣẹ ìlú ní kí wọ́n máa yọ́ lọ, Pọ́ọ̀lù kọ̀ jálẹ̀: ọmọ ìlú Róòmù làwọn, wọ́n nà àwọn láìgbẹ́jọ́, kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wá mú àwọn jáde. Ni èmi náà bá kọ lẹ́tà. Mo kọ ọjọ́, mo kọ aago, mo ní àsìkò ìsinmi mi ni. Mo fi kún un pé abala 18 nínú Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948 fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n dá alẹ́ mẹ́rin mi padà. Wọn ò tọrọ àforíjì.

Mátíù 5:44 ló wá ṣòro: ká gbàdúrà fún ẹni tó ń ṣe inúnibíni sí wa. Mi ò kúkú mọ ẹni náà. Mo ṣáà ń sọ pé, "Olúwa, ẹni yẹn, bù kún un," ó sì ń há mi lọ́fun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ife mẹ́jọ ló wà nínú síǹkì yàrá ìsinmi. Mi ò mọ èwo ni tirẹ̀. Mo fọ gbogbo wọn.