Bí Ọwọ́ Olúwa Ṣe Di Owó Olúwa

Ọ̀sán Sátidé kan ni Ìyá Ṣẹ́gun pè mí lórí fóònù. Amàlà ni wọ́n ń tà ní Bàrígà, kò jìnnà sí ilé wa, gbẹ̀gìrì wọn ò sì láfiwé ní gbogbo àdúgbò. Ọjọ́ kejì tí mo gbé pátákó tuntun lọ fún wọn ni. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán.

"Bàbá Tómi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré máa bọ̀. Ẹ wá bá mi ka nǹkan tí ẹ kọ sára pákó yìí."

Mo ní ṣé kì í ṣe ohun tá a jọ sọ ni. Wọ́n ní kí n ṣáà máa bọ̀.

Ohun tá a jọ sọ rèé: ỌWỌ́ OLÚWA NI MO WÀ. Ìlà méjì, lára pákó ìrókò, kí wọ́n lè fi kọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo débẹ̀, awakọ̀ dáńfó kan àti kọ́ńdọ̀ rẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́ lábẹ́ pátákó náà. Awakọ̀ gbójú sókè, ó na òkèlè sí i, ó sì kà á ketekete bí ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Owó Olúwa ni mo wá." Kọ́ńdọ̀ ní, "Ìyá, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bá wa mú tiwa dání." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ṣẹ́gun ò rẹ́rìn-ín.

Èmi náà wò ó. Àmì ìsàlẹ̀ ò sí, àmì òkè ò sí. OWO OLUWA NI MO WA. Lẹ́tà gún régé, etí wọn mọ́, fáníìṣì ń dán, kò sí ohun tó ṣe pátákó náà ju pé nǹkan mìíràn ló ń sọ. Mo ti fi sáńpépà pa á, mo ti kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, mo ti gbé e sórí itan nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá dé ṣọ́ọ̀bù, mi ò rí i. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni mo ń kà, kì í ṣe ohun tó wà lára pákó.

Ó sì yẹ kójú tì mí ju ẹlòmíràn lọ. Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn onítẹ̀wé. Èmi ni mo máa ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe pléètì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé: kálẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú. Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí mo ti ń fi àmì sórí orúkọ òkú, tí àwọn ọmọ olóògbé á dúró sí mi lẹ́yìn tí wọ́n á máa ní, "Rárá, àmì ìsàlẹ̀ ni, bàbá wa kì í fẹ́ kí wọ́n ṣi orúkọ òun kọ."

Ẹ̀rọ tó gbẹ́ pátákó náà, ọwọ́ ọmọkùnrin kan tó fẹ́ jápa lọ sí Kánádà ni mo ti rà á. 3018 ni wọ́n ń pè é, torí pé ààyè iṣẹ́ rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 30 sí 18 lọ. Mọ́tò kan ń yí bíìtì, ìyẹn irin kékeré tó ń gbẹ́ pákó, mọ́tò méjì ń gbé e lọ sọ́tùn-ún sósì, sókè sódò, mọ́tò mìíràn sì ń gbé pákó lọ síwá sẹ́yìn lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ti ya nǹkan yín tán lórí kọ̀ǹpútà, sọ́fúwià á sọ ọ́ di ìlà nọ́ńbà: lọ síbí, sọ̀kalẹ̀ tó báyìí, sáré tó báyìí. G-code ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹ̀rọ náà ò mọ ọ̀rọ̀, kò mọ pákó, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Iye tí mo rà á, mi ò ní kọ ọ́ síbí, ìyàwó mi máa ń ka búlọ́ọ̀gì yìí.

Pákó, Oko Bàbá ni mo ti ń rà á nígbà náà ní Èbúté-Mẹ́ta, létí ọ̀sà. Àjákù tí àwọn tó ń lagi bá tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni mo máa ń ṣà. Arère ni mo fi kọ́ṣẹ́, torí pé ó rọ̀, kò sì wọ́n. Rírọ̀ rẹ̀ náà sì ni wàhálà rẹ̀: etí lẹ́tà á máa hu irun, ẹ ó máa fi sáńpépà lé irun kiri títí sùúrù yóò fi tán nínú yín. Ọ̀gànwó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Manṣóníà, mo lò ó lẹ́ẹ̀kan láìbo imú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sín, imú mi sì ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni bá fẹ́ lò ó, kó bo imú rẹ̀ dáadáa, kó sì gbé ẹ̀rọ jáde síta.

Ìrókò ni ọba wọn lójú tèmi. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á, ẹ ó rí i tí àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n bí oyin. Ṣùgbọ́n òkúta wà nínú ìrókò. Mi ò pa òwe o. Òkúta gidi ni, funfun bí ẹfun, igi náà fúnra rẹ̀ ló ń dá a sínú ara rẹ̀, pàápàá níbi tó bá ti fara gbọgbẹ́ rí, kò sì sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ látòkè pé ó wà níbẹ̀. Bíìtì gidi tí mo kọ́kọ́ rà, òkúta bẹ́ẹ̀ ló kán an. Mo kàn gbọ́ "tà!", nǹkan kan fò kọjá etí mi, mo sì bá ìdajì bíìtì lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Bàbá Káfíńtà, àgbàlagbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lórígun àdúgbò wa, ní olúwéré ló bínú. Mo ní òkúta ni. Bàbá ní ta ló fi òkúta síbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Ìyá Ṣẹ́gun. Alẹ́ ọjọ́ tí mo ń gbẹ́ pátákó wọn, ó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù kí wọ́n tó mú iná dé. Bàbá Ìbejì, tó jẹ́ pé ògiri kan péré ló wà láàárín wa, ti kìlọ̀ pé tí òun bá tún gbọ́ ariwo ẹ̀rọ yẹn lẹ́yìn aago méjìlá, òun á wá yọ wáyà rẹ̀. Mo bá ń kánjú. Sọ́fúwià máa ń fi àwòrán iṣẹ́ hàn yín kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Mi ò wò ó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Bíìtì tí mo fi sí i, ẹnu rẹ̀ tẹ́jú, ó fẹ̀ ní mìlímítà 3.175. Ara lẹ́tà tí mo yà fẹ̀ ní 6, kò sí ìṣòro níbẹ̀. Àmì abẹ́ Ọ fẹ̀ ní 3. Àmì ohùn orí rẹ̀ fẹ̀ ní 2.5. Sọ́fúwià rò ó pé bíìtì ò lè wọ ihò tó kéré jù ú lọ, ló bá fo gbogbo àmì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò bi mí, kò kìlọ̀. Ìdá mẹ́fà mìlímítà kan ò tó nǹkan tí èèyàn lè fojú rí, òun ló sì wà láàárín ọwọ́ àti owó.

Àmì ìsàlẹ̀ yìí kì í sì í ṣe ohun àná. Ní 1875, níbí Èkó yìí náà ni àwọn ará ìjọ CMS ti jókòó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sì wà lára wọn. Síbẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà títí dòní, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ṣùgbọ́n ọ́ ò ní, ọ̀ náà ò ní. Ẹ ó gbé ohùn lé ọ lórí lọ́tọ̀ ni. Tí fọ́ńtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí ẹ lò, ò bá sì mọṣẹ́, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí fìlà lórí ọ̀mùtí. Lórí ìwé, mo mọ bí mo ṣe ń tún un ṣe. Lórí pákó, ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni.

Mo bẹ Ìyá Ṣẹ́gun, mo ní ọ̀fẹ́ ni mo máa fi òmíràn ṣe. Wọ́n yí ojú ti àkọ́kọ́ sí ògiri, a jọ dájọ́ sí Wẹ́sídeè.

Ti ẹ̀ẹ̀kejì, mo ní kí n fi bíìtì tó tẹ́jú gbẹ́ lẹ́tà, kí n wá fi èyí tó mú gbẹ́ àmì. Lẹ́tà parí, mo yọ bíìtì, mo ń fi ìkejì sí i, wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ yìí kì í rántí nǹkan kan. Tí iná bá ti lọ, kò mọ ibi tó wà láyé mọ́, ẹ̀yin lẹ máa gbé e padà sí igun tó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó sọ fún un pé ibí ni òdo. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo fojú wọ̀n ọ́n, mo ní ó ti tó. Kò tó. Gbogbo àmì ló ṣí mìlímítà bíi márùn-ún sọ́tùn-ún. Èyí tó yẹ kó wà láàárín abẹ́ Ọ lọ há sí ìdí rẹ̀ lápá ọ̀tún bí ìrù. Ẹ mọ ohun tí O tó nírù ń jẹ́. Tómi, ọmọ mi, dé láti ilé ìwé, ó kà á: "Dádì, kí ni QWQ?"

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lu ihò bíńtín sí igun pákó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tí iná bá lọ, orí ihò yẹn gan-an ni mo ń gbé ẹnu bíìtì padà sí. Ìyàwó mi ti gba QWQ lọ sí ilé ìdáná, ó ń gé ẹ̀fọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀.

Bàbá Káfíńtà gbọ́ ìròyìn náà, ó sì wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní, "Ṣé o rí i? Èyí tí ò ń ṣe kì í ṣe gbígbẹ́. Fífín ni. Igbá ni wọ́n ń fín. Igi, à ń gbẹ́ ẹ ni." Mo fẹ́ jiyàn, àmọ́ bàbá ò parọ́. Ẹ wo ìlẹ̀kùn tí Olówè Ìsẹ̀, agbẹ́gilére ará Èkìtì ayé àtijọ́, gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924, tó wà ní British Museum di bá a ṣe ń wí yìí. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ yọ síta kúrò lára pákó, Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, jókòó, wọ́n ru òyìnbó bọ̀, orí wọn gbé sókè bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé. Bíìtì tèmi, òkè nìkan ló ti ń sọ̀kalẹ̀. Kò lè yí wọ abẹ́ àgbọ̀n ère láé, kò lè dé ẹ̀yìn etí. Ohun tí ọwọ́ ọkùnrin yẹn fi irin ṣe, ẹ̀rọ mi ò lè ṣe ìdá kan nínú rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní kí n bá òun gbẹ́ ọpọ́n ayò.

Mo gbẹ́ ẹ, ihò méjìlá, bíìtì olórí róbótó, odindi ọjọ́ kan. Bàbá ní ihò náà bára mu jù. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń fi í jẹ àwọn òpè rẹ̀ níyà.

Pátákó kẹta, bíìtì ẹlẹ́nu ṣóńṣó nìkan ni mo lò, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹnu rẹ̀ rí bíi pẹ́ńsù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Níbi tí ìlà bá ti fẹ̀, á jìn sí i. Níbi tó bá ti tín-ín-rín, á gòkè wá. Tèmi jẹ́ dígíríì 60: ìlà tó fẹ̀ ní mìlímítà 6 á jìn díẹ̀ ju 5 lọ, àmì tó fẹ̀ ní 3 á jìn bíi 2.6, kò sí èyí tó máa fò. Nínú Inkscape, sọ́fúwià tí mo fi ń yàwòrán, mo sọ ọ̀rọ̀ náà di ìlà lásán kí fọ́ńtì má bàa rí nǹkan kan sọ mọ́, mo wá ń fọwọ́ gbé àmì lọ sáyè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ Ọ, mi ò fi tóótó sí i mọ́. Igi kúkúrú ni mo fi sí i, bí ẹ ṣe máa ń rí i nínú àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́, mo so ó mọ́ ìdí lẹ́tà gan-an, láàárín gbùngbùn, kó má bàa tún di ìrù. Mo jẹ́ kí bíìtì máa rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ju ìdajì mìlímítà lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí ìrókò àti òkúta rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. Iná ò lọ. Ọ̀sán gangan ni, Bàbá Ìbejì wà níbi iṣẹ́.

Nígbà tó yẹ kí n tẹ bọ́tìnì, mo pe Tómi wá síbi kọ̀ǹpútà, mo ní kó ka ohun tó rí sókè. "Ọwọ́ Olúwa ni mo wà." Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo wá tẹ̀ ẹ́.

Wẹ́sídeè, mo gbé e dé Bàrígà. Ìyá Ṣẹ́gun nu ọwọ́ wọn nù, wọ́n fi ìka tọ gbogbo àmì lọ́kọ̀ọ̀kan, tòkè tìsàlẹ̀, wọ́n ní ó dáa. Wọ́n fún mi ní amàlà àti ṣàkì méjì. Mo jẹun tán, mo ní kí wọ́n dá ti àkọ́kọ́ padà fún mi, kí n há ojú rẹ̀ kúrò, kí n fi pákó náà ṣe nǹkan mìíràn.

Wọ́n ní èwo?

Mo ní èyí tí wọ́n yí sí ògiri, tó ní owó Olúwa.

Wọ́n fi orí júwe ẹ̀yìn wọn. Ó ti wà lára ògiri, lókè ike tí wọ́n ń kó owó amàlà sí, ojú rẹ̀ ń wo gbogbo wa.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀," wọ́n ní, "òun náà ò parọ́."