Iná ò pa èkan, tírákítọ̀ ò pa á: ohun tó padà bá mi mú un rèé

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé nǹkan kan ṣoṣo máa pa èkan o. Éékà mẹ́ta tí mo rẹ́ǹtì lọ́nà Ìsẹ́yìn, èkan ló bò ó pátá, ẹni tó ni ilẹ̀ ní kí n kàn dáná sun ún, mo sun ún, ọ̀sẹ̀ méjì ò pé tó ti yọ padà tó tún wá tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbé tírákítọ̀ wọ̀ ọ́, ìyẹn ló wá burú jù, torí abẹ́ ilẹ̀ ni gbòǹgbò èkan ń rìn, gbogbo ibi tí plọ́ọ̀ bá ti gé e náà ló ti ń hù. Ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn, nígbà tí a máa fi hú u, ṣóńṣó gbòǹgbò èkan ti gún un láti ẹ̀gbẹ́ kan já sí ìkejì, ojú ibẹ̀ ti ń rà. Ṣe ni mo jókòó sórí ebè.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́ kan tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló sọ mucuna fún mi, ewéko onítàkùn kan tó máa ń bolẹ̀. Ó ní nílẹ̀ Adja ní gúúsù Benin, láti nǹkan bí 1988, torí kí ilẹ̀ lè lọ́ràá ni wọ́n ṣe fún àwọn àgbẹ̀ ní mucuna, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló wá ṣàkíyèsí pé ibi tó bá ti bolẹ̀, èkan ń kú. Ó ní ìbátan yèrèpè ni. Mo rẹ́rìn-ín, ta ló fẹ́ máa họra lóko? Àmọ́ irú èyí tí wọ́n ń gbìn ò yúnni.

Lọ́dún àkọ́kọ́ mo kàn sọ ọ́ sáàárín èkan, kò lè gbérí. Lọ́dún kejì mo fi àdá ṣán èkan mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò dé, mo jẹ́ kó hù padà dé orókùn kí n tó fín glyphosate, oògùn apakoríko, torí ewé tútù ló ń gbé kẹ́míkà lọ sí gbòǹgbò, tó bá jẹ́ ewé gbígbẹ lẹ fín, owó yín ló lọ yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo gbin mucuna, ihò kan hóró méjì. Tó fi máa di September, ẹ ò lè rí ilẹ̀ mọ́. Mo ká ìtàkùn ẹ̀ sókè, èkan abẹ́ ẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ torí kò róòrùn, gbòǹgbò tó máa ń funfun tó máa ń le yẹn ti dúdú, mo fọwọ́ ṣẹ́ ẹ, ó dá bí igi gbígbẹ. Òjìji ni èkan ò lè fara dà.

Ẹ ṣọ́ra fún oṣù Ọ̀pẹ o, gbogbo mucuna yẹn ló máa gbẹ, iná ọdẹ kan ti tó, kí ẹ yáa ro etí oko yíká. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn ín sáàárín àgbàdo, ẹ jẹ́ kí àgbàdo tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa gùn ún wó. Hóró ẹ̀ ń dán bí ẹ̀wà, ẹ má sè é fọ́mọ jẹ, májèlé wà nínú ẹ̀.

Èkan aládùúgbò mi ṣì ń yọ́ wọlé láti ààlà, ọkọ́ ni mo fi ń lé ìyẹn.