Mítà tí kì í ṣe ti iná

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń bá ẹ̀gbọ́n kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú ilé wa ní Òbáńtókò, màmá mi gbọ́ tí mo ń pariwo pé mítà kì í purọ́, wọ́n sì yọjú láti yàrá wọn, wọ́n bi mí bóyá owó iná wa ti tán. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé mítà géèmù ni. Wọ́n wò mí títí, wọ́n padà wọlé. Ìjókòó mi láti ìgbà náà ti kọ́ mi pé mítà lè purọ́ dáadáa bí ẹni tí ó ń kà á bá fẹ́ kí ó purọ́ fún òun.

World of Warcraft ni géèmù náà. Ó jáde ní ọdún 2004, réèdì, ìyẹn ìjà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń jọ jà, sì wà lára iṣẹ́ tí ó le jù nínú rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ogójì ènìyàn ni ó máa ń kó ara wọn jọ láti lọ pa ọ̀gá ẹranko kan. Lóde òní, ogún ni ní ìpele Mythic tí ó le jù lọ. Àwọn kan ń gba ìyà, àwọn kan ń wo ọgbẹ́ sàn, àwa yòókù ń ṣe ọ̀gá náà lọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ ọdẹ ni èmi yàn. Ìtàn ìlú wa sọ pé àwọn ọdẹ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi abẹ́ Olúmọ ṣe ibùgbé, n kò sì rí bí ọmọ Ẹ̀gbá yóò ṣe fojú fo ọdẹ kí ó lọ yan oṣó.

Mítà tí mò ń wí ni àfikún kan tí a ń fi sínú géèmù náà, tí wọ́n ń pè ní Details!: òun ni ó ń ka ọṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe, tí ó sì ń tò wá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó máa ń pín gbogbo ọṣẹ́ náà sí iye ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí DPS. Ní alẹ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀gá náà pa gbogbo wa lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà, ṣùgbọ́n èmi wà ní ipò kẹta, inú mi sì ń dùn gidigidi.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ipò tí mo wà.”

Wọ́n ní, “Mo rí i, àbúrò. Ìgbà wo lo kú?”

Mo ti kú kí ìṣẹ́jú kejì tó pé. Àṣírí ibẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni mítà náà lè gbà pín ọṣẹ́: ó lè pín in sí gbogbo àkókò tí ìjà náà gbà, ó sì lè pín in sí kìkì àkókò tí ènìyàn fi ń jà. Ìkejì ni mo ti yàn fún ara mi. Mo ti da gbogbo oògùn mi sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjà, mo kú sínú iná tí ó yẹ kí n kúrò nínú rẹ̀, aago tèmi sì dúró nígbà tí ti àwọn tí ó yè ń lọ. Nígbà tí mo yí i padà sí gbogbo àkókò ìjà, mo já láti ipò kẹta sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ ikú yẹn kò ṣòro láti tún ṣe: mo ń ṣí ojú ìwé àwọn tí ó kú lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan, mo ń wo ohun tí ó pa mí, mo sì ń sá fún un. Ohun tí ó jẹ mí lógún ni èyí tí mo rí lẹ́yìn náà, ní alẹ́ tí n kò kú rárá. Ìjà ìṣẹ́jú mẹ́fà, 360 ìṣẹ́jú-àáyá. Láàárín ìkọlù kan àti èkejì, ìṣẹ́jú-àáyá kan ààbọ̀ ni géèmù náà fi ń dá wa dúró bí a kò bá ka ìyára tí ohun ìjà ń fi kún un, nítorí náà 240 ìkọlù ni àyè wà fún. Mo ka tèmi lọ́kọ̀ọ̀kan: 187. Lóòótọ́ agbára ọdẹ máa ń tán, ọdẹ a sì máa fi tipátipá dúró nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n 53 ti pọ̀ jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80 ìṣẹ́jú-àáyá tí mo fi dúró bí ère.

Mo wá ibi tí àkókò náà lọ. Mo fi àṣẹ /combatlog gba gbogbo ìjà sílẹ̀, mo gbé àkọsílẹ̀ náà sórí Warcraft Logs, ìkànnì tí ó ń tú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò, mo sì wo àlàfo tí ó wà láàárín ìkọlù kọ̀ọ̀kan. Mo ti ń retí àlàfo ńláńlá, àwọn ibi tí mo ti ń sáré kiri, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni wọ́n. Àlàfo kékeré ni ó pọ̀, ó sì wà lẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìkọlù. Ilẹ̀ Yúróòpù ni sáfà wa, kọ̀ǹpútà tí géèmù náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, wà, Abẹ́òkúta sì jìnnà síbẹ̀. Mo máa ń dúró kí bọ́tìnì tàn kí n tó tẹ̀ ẹ́, ìgbà tí àṣẹ mi yóò bá fi dé ọ̀hún, àyè ti ṣí sílẹ̀ tipẹ́. Ọ̀nà àbáyọ ti wà nínú géèmù náà fúnra rẹ̀: ó fàyè gbà wá láti tẹ ìkọlù tí ó kàn nígbà tí ó bá ku 400 mílíṣẹ́kọ́ńdì kí ti ìṣáájú parí, yóò sì tò ó sẹ́yìn rẹ̀. Èmi kàn ń fi ojú ṣọ́ bọ́tìnì ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dúró síwájú ère ìdánrawò tí mo ń kọ́ ìka mi láti tètè tẹ̀, àkọsílẹ̀ tí ó tẹ̀lé e sì ka 221. Íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ti ń bú láti ọdún tó kọjá kò yí padà rárá.

Warcraft Logs tún máa ń fún ènìyàn ní máàkì láti orí òdo dé 100, ó ń fi wá wé kìkì àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí ọ̀gá kan náà, àwọ̀ eérú sì ni ti ẹni tí kò bá tó 25. Mo ti jáde nínú eérú, mo wà nínú àwọ̀ búlúù tí ó ga jù ú lọ. N kì í sáà wo máàkì náà ní gbogbo alẹ́, nítorí àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ó ń fi ọ̀gá sílẹ̀ lọ ń yìnbọn sí àwọn ẹranko kéékèèké tí yóò kú fúnra wọn, kí nọ́ńbà wọn lè wú. Mítà kì í bá wọn wí. A ní láti ṣí ojú ìwé ẹni tí wọ́n yìnbọn sí kí a tó mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olórí ẹgbẹ́ ní kí n máa dá oògùn lẹ́nu ọ̀gá náà dúró, kí n sì pa gbogbo nǹkan mìíràn tì bí àkókò rẹ̀ bá tó. Ipò kọkànlá ni mo parí sí. Ọ̀gá náà kú. Mo pe ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ bi mí iye ìgbà tí mo dá oògùn náà dúró. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Wọ́n ní kí n ṣí àkọsílẹ̀ ẹ̀ẹ̀kẹwàá.