Ọdún Tí Ìgbàgbé Sọ Mí Di Ọ̀lawọ́

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Lọ́dọọdún, nínú lẹ́tà ìparí ọdún tí mo ń kọ sí ẹ̀yin ẹbí àti ọ̀rẹ́, mo máa ń to oṣù méjèèjìlá kalẹ̀ bí ẹni ń to igi ìdáná. Ti 2025 ò ṣeé tò. Ọjọ́ Ẹtì kan péré ni mo rántí, ní oṣù kẹta, tí wọ́n pe àwa mọ́kànlá sí yàrá ìpàdé, tí wọ́n fún kálukú ní àpòòwé. Èmi tí mo rò pé ìgbéga ni! Mo tiẹ̀ wọ kóòtù.

Ẹ ti gbọ́ ìyẹn títí ó fi sú yín. Èyí tí mi ò tíì sọ ni ti owó Màmá.

Ẹ kúkú mọ Màmá. Inú owó ìfẹ̀yìntì wọn ni wọ́n ti ń fi nǹkan ránṣẹ́ lóṣooṣù sí àwọn tó ń bọ́ ọmọ tí ebi ń pa ní Súdàn. Nígbà tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, wọ́n ní kí n máa bá àwọn ṣe é. Ọ̀lẹ ni mí, ẹ mọ̀. Mo ní kí báńkì máa yọ ọ́ lára owó tèmi, mo sì gbàgbé. Iṣẹ́ bọ́, owó oṣù dúró, báńkì ò dúró. Ní oṣù karùn-ún, mo fẹ́ san owó iná, owó ò tó. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: Súdàn ti ṣáájú mi débẹ̀.

Inú bí mi. Mo ti gbé fóònù láti dá a dúró nígbà tí ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ ka lẹ́tà wọn ná." Mo kà á kó lè fi mí sílẹ̀ ni.

Téèpù aláwọ̀ mẹ́ta kan wà tí wọ́n fi ń yí apá ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ká. Bí apá náà bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 11.5, orí pupa ló bọ́ sí, ikú ò jìnnà sí ọmọ náà mọ́. Wọ́n á máa fún un ní ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n po mọ́ mílíìkì, ṣúgà, òróró àti fítámì, nínú ọ̀rá kékeré onígíráàmù 92. Kò nílò omi, kò nílò iná, ọmọ á kàn máa fà á mu. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ wọn á ti bọ́ sípò. Mo gé bébà ní sẹ̀ǹtímítà 11.5, mo fi yí ọrùn ọwọ́ mi ká. Kò pàdé.

Mo wá ń kàwé kiri bí ẹni tó ní ìdánwò. Oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni wọ́n kéde ìyàn ní Zamzam, àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, nítòsí ìlú El Fasher ní Súdàn. Káàkiri Súdàn, àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ló ń gbé ìkòkò ńlá kaná fún aládùúgbò wọn. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró ní oṣù kìíní ọdún 2025, ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ilé ìdáná bẹ́ẹ̀ ló tì. Àwọn náà gba àpòòwé tiwọn nìyẹn, láìsí yàrá ìpàdé.

Mi ò dá a dúró. Mi ò sì ṣe akin: mo dín in sí ìdajì. Bí Màmá bá ní, "Ṣé o ti bá mi fi ránṣẹ́?" màá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ìdajì òtítọ́ ṣáà ni. Ní oṣù keje, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní, "Èyí tí ò ń dín kù yẹn, ṣé ó ń tó yín jẹ báyìí?" Àṣé lẹ́tà ìdúpẹ́ máa ń kọ iye owó sí i, ìyàwó mi ló sì ń kà á fún wọn. Ọ̀dàlẹ̀ inú ilé.

Bébà yẹn wà nínú àpò mi nígbà tí mo ń jókòó ti Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo wo apá wọn. Mi ò fi wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní ńṣe ni àwọn ń dín ara kù de aṣọ tuntun, kí télọ̀ múra sílẹ̀. Ti oṣù kẹsàn-án, ẹ ti bá mi dárò rẹ̀, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Màmá Kékeré san owó iléèwé àwọn ìbejì, wọ́n sì ti fi ra ẹ̀tọ́ láti máa bú mi títí ayé. Mo dúpẹ́. Ẹnì kan gbé àpò oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà wa lóru, kò fi orúkọ sílẹ̀. Ìtìjú ló kọ́kọ́ mú mi. Ìgbà tí mo jẹun yó tán ni ọpẹ́ tó dé. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ayọ̀ nìkan ló máa ń wà lójú ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan. Ní báyìí, mo máa ń ro ti ìyá tó na apá ọmọ rẹ̀ sí àjèjì kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ìwọ tó gbé àpò náà wá, mo fura sí ọ o. Ipa bàtà yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ni í.

Mo rí iṣẹ́ oṣù mẹ́ta kan tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Wọ́n ní bó bá dáa, wọ́n lè fi kún un. Mi ò ní wọ kóòtù lọ.

Lẹ́tà míì dé lánàá, orúkọ Màmá ló ṣì wà lórí rẹ̀. Wọ́n kí Màmá kú àtilẹ̀yìn. Mi ò tíì sọ fún wọn. Mo ti dá owó náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù ni báńkì máa yọ ọ́, owó iná di ọjọ́ kẹta. Ẹ bá wa wá àbẹ́là sílẹ̀.