Sójà Ara Tí Kò Ní Ìbọn

Ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn CLL, ìyẹn oríṣi àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó sábà máa ń rọra rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun inú ìwé àyẹ̀wò tan òun jẹ. Ọkọ mi ni àrùn náà ń ṣe, níhìn-ín ní Ìkòròdú, kò sì sí ará ilé tó gbọ́ pé sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ pọ̀ tí kò sọ pé sójà ara rẹ̀ tó láti borí àìsàn kankan.

Sójà náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìbọn lọ́wọ́. B lymphocyte, oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun kan, ló ń pọ̀ sí i: òun ló yẹ kó máa pèsè èròjà tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò àrùn, àmọ́ èyí tó ti di jẹjẹrẹ kò lè ṣe é bó ṣe yẹ, ó sì tún ń gba àyè mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́ nínú mùdùnmúdùn egungun, débi pé neutrophil, sẹ́ẹ̀lì funfun tó máa ń kọ́kọ́ kojú bakitéríà, lè dín kù. T lymphocyte pàápàá, tó jẹ́ oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, bí iye rẹ̀ kò tilẹ̀ dín, iṣẹ́ rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀.

Lórí ìwé àyẹ̀wò ọkọ mi, lẹ́tà H (ìyẹn ni pé ó pọ̀ jù) ló wà níwájú lymphocyte, L (ìyẹn ni pé ó kéré jù) sì wà níwájú neutrophil. Ìlà L yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n wo iye IgG, ọ̀kan lára èròjà tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò àrùn.

Ọ̀rọ̀ ibà ló ṣòro jù láti jẹ́ kó yé àwọn ènìyàn wa. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ara ẹnì kan gbóná, kẹ́míìsì ni gbogbo wa ń sáré lọ. Fún irú aláìsàn yìí, bí ìgbóná ara bá ti pé 38°C, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, ìbáà ṣe lóru, kí ẹ sì tètè sọ fún nọ́ọ̀sì pé CLL ló ń ṣe é, nítorí òtútù àyà lè gbé e ṣánlẹ̀ níbi tí ẹ ti ń lo oògùn ibà. (Àwọn tó ń ta agbo nínú ọkọ̀ Sábó sí Máìlì 12 a máa ní tiwọn ń fún sójà ara lókun, n kò tíì rí èyí tó fún wọn níbọn.)

Abẹ́rẹ́ àjẹsára òtútù àyà dára fún un, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ lè má lò ó tó ti ẹlòmíràn. Ti ibà pọ́njú (yellow fever) ni kò gbọdọ̀ gbà, nítorí kòkòrò ààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀. Bí aláìsàn bá ń múra àtilọ sí Mẹ́kà, níbi tí wọ́n ti ń béèrè káàdì àjẹsára náà lọ́wọ́ wa, kí ó tètè bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́, kí dókítà náà bá a kọ ìwé pé ara rẹ̀ kò gbà á.